Ẹni Tí Kì Í Dijú Gbàdúrà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ìgbìmọ̀ ìjọ pè mí. Ní Àìkú tó máa kẹ́yìn oṣù yìí, wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ìjọ — àwọn agbálẹ̀, àwọn akọrin, àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò. Télọ̀, ọkọ mi, náà wà níbẹ̀. Kì í wàásù, kì í kọrin (a dúpẹ́ pé kì í kọrin). Iwájú ló máa ń dúró, tí yóò máa fi ọwọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ pásítọ̀ fún Onídìrí, obìnrin tó ń bá mi dirun, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ láti kékeré. Ẹnì kan ṣoṣo. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún un.

Ọjọ́rú, 5
Télọ̀ ti gbọ́. Àwọn akọrin — ẹnu wọn kò ní ìlẹ̀kùn. Kò bínú, ó kàn kọ̀ ni. "Bí mo bá lọ dúró kí wọ́n máa yìn mí, ta ni yóò sọ ohun tí wọ́n ń wí fún obìnrin yẹn?" Ó padà sídìí máṣínnì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ dirun. Fóònù lèmi àti Onídìrí fi ń kọ ọ̀rọ̀ síra wa. Mo bi í pé kí la lè ṣe fún ọkùnrin tí kò gba ọpẹ́. Ó di irun mi tán kó tó dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ kì í dijú gbàdúrà." Kò yé mi. Ó tún kọ ọ́: "Bí gbogbo yín bá dijú, èmi ni Ẹ̀gbọ́n ń wò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ àdúrà fún. Ìgbà wo ni wọ́n wá ń gba tiwọn?"
Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó lẹ́yìn ọkọ mi — mi ò rò ó rí.
Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ìka mi gan bí igi. Mo fẹ́ sọ pé kí Olúwa ṣàánú wa. Onídìrí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ohun tí mo sọ ni pé kí Olúwa gé irun wa.

Àbámẹ́ta, 22
Télọ̀ wo orí mi. Ó ní irun wo ni mò ń lọ dì lójoojúmọ́ tí orí kò yàtọ̀. Mo ní kò tíì tán ni. Olúwa, foríjì mí.

Àìkú, 30
Wọ́n ń pe orúkọ, ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe tiẹ̀. Kò kúrò lójú kan — ó ń fi ọwọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀ fún Onídìrí bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.
Ni Onídìrí bá dìde, òun náà ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ, àfi ẹni tí wọ́n ń yìn.
"Ó ní . . . ó ní ọwọ́ mi lòun fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run." Télọ̀ ló ń sọ ọ́ síta. Onídìrí kò dáwọ́ dúró. "Ó ní lónìí, kí n lọ jókòó. Kí n lọ dijú."
Mo bọ́ síwájú láti dúró nípò rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi. Ó lọ jókòó sáyè mi.
Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà. Mo ń fi ọwọ́ sọ ọ́, mo ń ṣì í níbi mélòó kan. Onídìrí ń mi orí pé kí n máa lọ. Mo yọjú wo Télọ̀. Ojú rẹ̀ dì pinpin, ètè rẹ̀ ń mì. Ohun tó ń sọ, ti òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ nìyẹn.
Ìjọ ṣe àmín, wọ́n jókòó. Ó ṣì dijú. Pásítọ̀ rí i. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó dúró dè é.
Gbogbo wa dúró dè é.