Iyọ̀ Inú Àpò Pupa

Ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá dúró ti ìsọ̀, bírò ń wúwo lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sídìí ìwé yìí, mo ti fa ojú ewé méjì ya. Ẹ rọra máa kà á. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fi bírò pa ọ̀rọ̀ rẹ́, kì í ṣe àṣírí ló wà níbẹ̀, àṣìkọ ni.

Mo kí yín kú òtútù, mo kí yín kú àdáwà, mo kí yín kú iṣẹ́. Ọlọ́run tó gbé yín gun bàálù lọ kó máa ṣọ́ yín níbẹ̀, kó má jẹ́ kí ara yín bá ojú ọjọ́ wọn jà. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ajégúnlẹ̀. Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹ má gbàgbé páànù ìsọ̀ kí òjò tó dé, ó ti jò láti èṣín. Ọyẹ́ ọdún yìí pọ̀, eruku ló bò wá bí aṣọ. Ní ọjà Boundary, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa, wọn ò sì tíì bò ó, pákó kan la fi ń kọjá, àwọn oníbàárà tó sanra ti ń lọ ra iyọ̀ níbòmíràn.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Bí ẹ bá pè, Màmá á tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo ojúlé á pé lé e, wọ́n á máa dáhùn kí n tó la ẹnu, èmi á kàn sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí kò ṣe é sọ lójú èrò. Adúmáradán ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya ìwé yìí, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí yín. Orúkọ tí mo fún Nusirat àbúrò yín nìyẹn, nítorí ìyàwó ilé kì í la orúkọ ọmọ ọkọ mọ́lẹ̀, Màmá sì ní ó bá a mu. Ó ní òun ò ní kà á, òun á di ojú òun. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ya fọ́tò pẹ̀lú ojú dídì, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti obìnrin tó ń pín lẹ́tà, tó ṣubú níwájú ilé tí ẹ̀ ń gbé. Èmi ni mo fà á.

Ọjọ́ tí ẹ pè wá tí ẹ ní Màmá Dinah tó ni ilé ti fi ojú ọ̀nà sí ìkáwọ́ yín, láti ẹnu géètì dé àtẹ̀gùn, àti ibi tí mọ́tò wọn máa ń gbà wọlé, pé kí yìnyín má dì síbẹ̀, ẹ wá bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, Kaothar, ìwọ tó o mọ iyọ̀, irú iyọ̀ wo ni kí n rà? Ọkọ mi, orí mi wú. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la jọ gbé lẹ́yìn yìgì kí ẹ tó lọ, ẹ ò tíì bi mí ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kankan rí. Mo mú fóònù Adúmáradán, ó ti fi ojú ọjọ́ ìlú yín síbẹ̀, mo rí 24. Ìlà kékeré kan wà níwájú rẹ̀, mo rò pé eruku ọyẹ́ ni, mo fi etí ìborùn mi nù ún, kò lọ, mo fi í sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, 24 ni àárọ̀ kùtù, omi tútù lásán la fi ń wẹ̀. Mo wá gbẹ́nu sókè bí alágbà, mo ní iyọ̀ kì í ju iyọ̀ lọ, ẹ ra èyí tó pọ̀ tí owó rẹ̀ kéré, kí ẹ dà á dáadáa. Ẹ sì ṣe bí mo ṣe wí. Ọjọ́ kẹta ni obìnrin yẹn ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ wú.

Nígbà tí ẹ wá sọ pé Màmá Dinah ní bí ẹlòmíràn bá tún ṣubú kí òtútù tó lọ, ẹ ó kó ẹrù yín, inú mi bà jẹ́. Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ kí èmi náà lè wá bá yín, àdírẹ́sì ilé yẹn ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lé yín, ẹnu ọ̀nà wo ni kí n wá kàn? Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo da omi sílẹ̀ kí wọ́n má gbọ́ ẹkún mi. Ìgbà tí mo jáde ni mo sọ fún Adúmáradán. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé pé ìlà yẹn kì í ṣe eruku, pé ó túmọ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ó pè mí ní Alhaja Ojú Ọjọ́. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí iyọ̀. Ẹ rántí fọ́tò àpò mẹ́ta tí ẹ yà ní ilé ìtajà, aláwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n ya ajá sí lára, àti pupa. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ti ajá, oúnjẹ ajá ni, pé ajá wọn máa ń jẹ iyọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Emeka tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Apapa, tó wà ní yàrá kẹfà, ló bá mi ka gbogbo rẹ̀. Ó ní búlúù ni iyọ̀ wa gan-an, irú èyí tí Màmá ń tà, pé agbára rẹ̀ máa ń tán bí òtútù bá ti le jù. Ti ajá kì í jẹ ẹsẹ̀ ẹran, ṣùgbọ́n òun náà kò lè dúró níwájú òtútù yín. Nígbà tó ka ti pupa, ó fọwọ́ lu itan, ó ní òun mọ nǹkan yìí. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sínú àpò gígùn tí wọ́n ń so kọ́ ara kọ̀ntínà lórí òkun, kó lè mu omi inú afẹ́fẹ́, kí ẹrù má bu. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọ̀kan tí wọn ò tíì lò bọ̀ wálé. Hóró funfun ló wà nínú rẹ̀, bí gàrí tí kò kúná. Ó ní kì í ṣe jíjẹ o. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí omi ṣì wà lára rẹ̀, kíá ló gbóná. Ó gbóná bí ọwọ́ èèyàn, ọkọ mi. Mo pa ọwọ́ dé, mi ò tètè dà á nù, títí ó fi ń ta mí bí ata tí Ọ̀gbẹ́ni Emeka fi pariwo pé kí n lọ ṣan án.

Àmọ́ mi ò fẹ́ fi èrò lásán gbà yín nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ bá Regina tó ń ta ẹja inú yìnyín ní kọ̀rọ̀ kejì sí ìsọ̀ wa, mo ní kó bá mi gbé ọ̀rá yìnyín méjì sí ìsàlẹ̀ firísà rẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹja ti ń le bí òkúta. Mo wọ́n iyọ̀ wa sórí ọ̀kan, mo wọ́n hóró kọ̀ntínà sórí èkejì. Ọlọ́run ṣe é, wọn ò mú iná lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iyọ̀ wa ṣì jókòó sórí tiẹ̀ bí iyanrìn orí páànù, kò ṣe nǹkankan tó ṣe é rí. Hóró kejì ti lu ihò yí gbogbo tiẹ̀ ká, omi rẹ̀ sì ti ṣàn bá ẹja. Regina figbe ta, ó ní ìyàwó tuntun ti wá se ẹja òun kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, pé ṣé wọ́n rán mi sí òun ni. Mo kúnlẹ̀, mo bá a ṣan gbogbo ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ ra pupa, wéré.

Nítorí náà, pupa ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò kí ẹ tó wọ́n ọn, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì dà á jù, wọ́n ní bó bá pọ̀ jù ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Ẹ wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹyin. Ẹ da iyanrìn lé àtẹ̀gùn kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Búlúù tó kù, ẹ fi pamọ́ di ọjọ́ tí òtútù bá rọlẹ̀. Ní ti ajá Màmá Dinah, bó bá ti ìta wọlé, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, kò ní bó.

Ó ku ti Màmá. Wọn ò rí oorun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wọn ń da iyọ̀ sílẹ̀ kí èèyàn máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ ni àwọn fi ṣe àdúà fún yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, báwo lẹ ṣe wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. A lọ bá Alfa Sàídù. Alfa ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó bá mú ohun tó lè gbé èèyàn ṣubú kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀san rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Màmá ronú dé ilé, wọ́n wá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ máa ka Bisimilá kí ẹ tó wọ́n ọn.

Mo gbọ́ pé pupa wọ́n ju búlúù lọ. Mo rọra sọ fún Màmá pé bóyá kí owó páànù tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí dúró sọ́dọ̀ yín kí ẹ fi rà á. Wọ́n ń di iyọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n di àpò kan tán, wọ́n ní páànù lè máa jò, páànù tó ń jò kì í fọ́ èèyàn ní ìbàdí. Nítorí náà, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò ojú ọ̀nà náà nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nígbà tó bá mọ́, kí n lè rí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀, kó má jẹ́ kí ti ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yẹ̀, kó fún obìnrin onílẹ́tà ní ìlera, kó fi ojúure yín sí ọkàn Màmá Dinah títí èmi náà yóò fi dé. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín o. Màá ní láti di apá yín mú láti géètì dé àtẹ̀gùn, lójú gbogbo àdúgbò, lójú Màmá Dinah pàápàá, ojú ò sì ní tì mí, torí bí mi ò bá dì yín mú màá ṣubú, bí mo bá sì ṣubú wọ́n á lé àwa méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi apá ọ̀tún yín gbé ẹrù lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá tẹ̀lé yín wá gbé e, kí èmi lè... Màmá ń pè mí, iyọ̀ ti dé, wọ́n ní kí n wá di ẹnu àpò mú, mo ń bọ̀ mà, apá ọ̀tún ni mo wí o, ẹ má gbàgbé, kí ó ṣófo, torí mo ti gbà á sílẹ̀ fún ara mi.