Eyín Àlàájì Ṣítù

Mukhtar,

O fi Kùránì búra pé kádì géèmù tòkunbọ̀ tí Àlàájì Ṣítù bá ẹ ṣà sínú kọ̀ǹpútà ẹ ti kú, pé wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì ni. Mo kó gbogbo kọ̀ǹpútà náà lọ ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti fi àpótí páwà tó ń fún un níná gbá wọn lẹ́nu. Eyín méjì já bọ́. Wọn ò tilẹ̀ bá mi jà. Wọ́n nu ẹ̀jẹ̀, wọ́n so wáyà iná mọ́ kádì, fáànù ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

O ò so wáyà, ọ̀dẹ̀!

Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo sáré wá pààrọ̀. Àlàájì wà nínú kẹ̀kẹ́ níta, à ń lọ ọsibítù. Ìrẹsì wà nínú kúlà. Jẹun kíákíá, kó o sá lọ sí ìlú Kwali. Tí mo bá bá ẹ nílé, eyín tìẹ ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ, Jamilah