Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Jẹ́ Dì

Miriam ọmọ mi,

Okun o, mo kí ọ. Okun ìkókó, okun àìsùn. Ṣé ọmú ń wá dáadáa? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní kẹ̀yìn sí ọ. Àlàáfíà la wà ní Kabba. Bàbá rẹ ti kọ ebè iṣu tán, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn ò sì gbà pé ó ń dùn wọ́n.

Ọkọ rẹ Ọbalolúwa pè mí. Ó ní orí tó ń fọ́ ọ láti ìgbà tí o ti bímọ kò tíì lọ, ojú rẹ sì ń ṣú, pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò l'Ábújá, àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ dì-dáímà, ó sì ga. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ní sẹ́kọ́ńdìrì wa, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga ló pàsì. Àfi ìgbà tó ní wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan orí rẹ. Mo ní àṣé Yorùbá ni wọ́n fi sọ àyẹ̀wò náà lórúkọ, dì ni wọ́n pè é, mo sì mọ ohun tó ń dì. Epo mi ń dì nínú kèègì ní gbogbo ọyẹ́, ẹ̀gbẹ́ iná ni mò ń gbé e sí. Ni mo bá hun fìlà òwú fún ọ, kí orí rẹ lè móoru.

Zipporah, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní Màmá Miriam, orí kì í ṣe kèègì. Ó ní dì yẹn lè ga lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú, kí wọ́n ya àwòrán iṣan orí rẹ lónìí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó sọ èyí.

Mo gbọ́ pé o ní ó di ìgbà tí ọmọ bá gbó díẹ̀, torí kò sẹ́ni tí yóò gbé e. Mo pè ọ́, o ní kí n má dààmú, o sì pa fóònù. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyí, tí mo fi rán Boaz dírẹ́bà ní àárọ̀ yìí, torí lẹ́tà kò ṣeé pa. Gbé ọmọ fún ọkọ rẹ, kí o lọ. Wọ búláòsì búlúù yẹn lọ ya àwòrán náà, ó yẹ ọ́.

Kí Ọbalolúwa fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ń bọ̀ wá gbé ọmọ. Epo ni mo mọ bí a ṣe ń yọ́, ti orí rẹ, dókítà ló mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ kọjá ìgbà tí o bá fi wà lábẹ́ ẹ̀rọ àwòrán yẹn.

Èmi ìyá rẹ,
Martha Ìbítóyè