Tìmùtìmù Tó Kù Sórí Táyà

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín tó wà lọ́nà jíjìn kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ṣé ara le? Orúnkún yín tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo kí Màámi náà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun, àti pé súwẹ́tà tí wọ́n dì sísàlẹ̀ àpótí mi ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àlàáfíà ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín, nítorí ìròyìn ayọ̀ ló gbé dání.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Lẹ́tà mìíràn ni mo ti ń kọ lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti dé ibí, èyí tí ǹ bá fi bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ̀kọ́ kọ́ ló le. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Kí n tó dé, olúkúlùkù nínú kíláàsì ti mú ẹni tí yóò máa bá jókòó. Mo ti mọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn orí wọn, mo mọ ẹni tí èjìká rẹ̀ máa ń gbọ̀n kó tó rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń dá sí ẹ̀rín tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ ṣeun" tí mo sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ohùn mi wá dà bí aṣọ ìsàlẹ̀ àpótí. Ó wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wa pín wa sí láti lọ fojú rí ohun tí a ń kà. Wọ́n kó àwọn yòókù lọ sí ilé iṣẹ́ ńláńlá. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n lọ sí gáréèjì kékeré kan lẹ́yìn ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ìje kan ṣoṣo. Bàbá, ẹ rántí àwọn ìje ọkọ̀ tí èmi pẹ̀lú yín máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí Màámi á máa ní, "Àwọn wọ̀nyí ń sáré láti àárọ̀, wọn ò dé ibì kankan"? Ìje àfaradà gan-an ni tiwa. Awakọ̀ méjì ló ń pín ọkọ̀ kan wà, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kì í ṣe ìje ẹni tó lè sáré jù nìkan. Ìje ọkọ̀ tó bá ṣì ń rìn nígbà tí àwọn mìíràn ti kú sójú ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ̀ yín. Dókítà Eyín ló ni ọkọ̀. Eyín ló ń wò fún àwọn ènìyàn lọ́jọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ìje ló ń wà lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹnu yín ni yóò máa wò. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá ń wọ ọkọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni ń ká agbòòrùn. Awakọ̀ kejì ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà. Kò ga rárá, Atawẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá Rọra ni wọ́n ń pe olórí àwọn mẹkáníìkì, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè máa ṣe, kódà kó jẹ́ tíì lẹ̀ ń pò, kó má sọ pé "rọra." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń bá Atawẹ́wẹ́ ṣàwàdà pé, "Ṣé o rí àga gùn tó o fi so okùn bàtà rẹ lónìí?" Òun náà dáhùn pé, "Gíga kọ́ ni wọ́n ń bù sí ẹńjìnnì, Ọ̀gá." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀gá rí mi, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú, ẹ bá wa mú rágì yẹn." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Èmi ni mò ń nu gíláàsì iwájú nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá yà wọlé láti gba epo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ gbogbo wọn lọ́kàn. Àwọn alákòóso ìje ti kéde pé sáà tó ń bọ̀, àwọn yóò dín ọkọ̀ kù ní ìsọ̀rí tiwa, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ kó ọkọ̀ tuntun wọlé, àwọn tó ń lo bátìrì pọ̀ mọ́ epo. Ọkọ̀ tí kò bá parí ìje tó kẹ́yìn lọ́dún yìí kò ní í láyè mọ́. Tiwa kò sì tíì parí ìje kankan láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Eyín mu tíì rẹ̀, ó ní, "Bí a kò bá parí èyí, màá ta ọkọ̀ náà, kí n gbájú mọ́ eyín." Ó fi ṣẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Rọra kò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu sípánà kan tó ti mọ́ tipẹ́. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín, nítorí gáréèjì yẹn nìkan ni ibi tí ẹnìkan ti ń retí mi ní ìlú yìí.

Bàbá, ìṣòro tó wà nínú kí ọ̀pẹ àti ata máa jókòó sórí àga kan náà, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti de ìjókòó ọkọ̀ ìje mọ́lẹ̀, kò ṣeé sún síwájú. Nítorí náà, wọ́n ṣe tìmùtìmù kan ní ìwọ̀n ẹ̀yìn Atawẹ́wẹ́, òun ló ń gbé e síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó bíréèkì. Bí Dókítà bá ti ń bọ́ sílẹ̀, Atawẹ́wẹ́ á ju tìmùtìmù sínú ọkọ̀, á bọ́ sórí rẹ̀, Dókítà á sì bá a de bẹ́líìtì. Wọ́n ń fi èyí dánra wò níwájú gáréèjì títí ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì fi mọ̀ ọ́n lórí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí tìmùtìmù yẹn, bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó wà nínú tírélà yín ni mo rántí, èyí tí ẹ máa ń ká sórí ìjókòó fún ẹnìkejì yín, Bàbá Kúkúrú, bí ó bá ti kàn án láti wakọ̀.

Lọ́jọ́ ìje tó kẹ́yìn náà, òjò dé ní ọ̀sán. Dókítà ń ké nínú rédíò pé, "Ojú ọ̀nà ti di ọṣẹ!" Ọ̀gá ní kó máa yà bọ̀ wá gba táyà olójò, kí awakọ̀ sì pààrọ̀. Atawẹ́wẹ́ dúró lẹ́nu ibi ìdúró wa, ó gbá tìmùtìmù mọ́ra. Ọ̀gá Rọra rí i pé òjò fẹ́ pa á, ó sì mọ̀ pé tìmùtìmù tó bá rin máa ń yọ̀ lábẹ́ ènìyàn. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mú un wá, kó má rin. Rọra dé akoto rẹ." Ó gbé e sórí òkìtì táyà lábẹ́ òrùlé, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi bò ó. Ẹnìkan pariwo pé táyà tí wọ́n gbé síta kì í ṣe ti òjò, ló bá sáré lọ síbẹ̀. Inú rere ló fi ṣe é, àmọ́ inú rere yẹn ló fẹ́ gbẹ̀mí.

Ọkọ̀ wọlé. Dókítà bọ́ sílẹ̀, Atawẹ́wẹ́ bọ́ sínú, nítorí ó rò pé Ọ̀gá ti gbé tìmùtìmù síbẹ̀. Ọ̀gá rò pé ó ti wá mú un. Dókítà de bẹ́líìtì, ó ti ilẹ̀kùn gbà. Mò ń nu gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ojú Atawẹ́wẹ́ kò sí níbi tó máa ń wà. Ó ti rì sẹ́yìn sítíárìn bí ọmọdé tó jókòó sídìí tábìlì àgbà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n okùn rédíò rẹ̀ kò tíì wọlé dáadáa. Ó ń lu ilẹ̀kùn. Àwọn mẹkáníìkì rò pé ó ń ní kí wọ́n yára ni, wọ́n bá yára sí i. Ọ̀gá Rọra ti dúró níwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sókè. Bí ọwọ́ yẹn bá wálẹ̀, ọkọ̀ á lọ nìyẹn.

Mo la ẹnu, Bàbá. Kò sí ohun tó jáde. Ẹ ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mèéjẹ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Ni mo bá ju rágì nù, mo sáré ká jákẹ́ẹ̀tì kúrò, mo gbé tìmùtìmù, mo sì fi gbá ojú gíláàsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá Rọra dúró lókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pariwo pé, "Ẹ yára! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ yára!"

Àwọn ọkọ̀ díẹ̀ kọjá wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tó bíréèkì. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó kọjá ìlà òpin. Iná iwájú kan ti kú, ẹrẹ̀ bò ó dé òrùlé, àwa kọ́ la sì gba ife. Síbẹ̀, ó parí. Ọ̀gá Rọra jókòó sórí òkìtì táyà, ó fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Atawẹ́wẹ́ dì mọ́ mi nínú aṣọ ìje rẹ̀ tó rin gbindin. Ó ní bí ọwọ́ Ọ̀gá bá wálẹ̀ ni, òun ì bá lọ, pé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lòun ì bá fi máa tẹ bíréèkì nínú òjò yẹn, torí òun kò fẹ́ kí ọkọ̀ pàdánù àyè rẹ̀ nítorí òun. Ó wá bi mí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ni mo bá sọ ìtàn yín fún gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì sọ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí nìyẹn. Mo sọ bí mo ṣe máa ń jókòó sáàárín ẹ̀yin àti Bàbá Kúkúrú lásìkò ìsinmi, àti bí ẹ kì í jẹ́ kó gbéra láì jẹ́ pé ẹ wo ojú rẹ̀ nínú díńgí. Mo bi yín nígbà yẹn pé kí lẹ̀ ń wò. Ẹ ní, "Mi ò lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibí. Àmọ́ tí ojú bá wà níbi tó yẹ, ẹsẹ̀ ti débẹ̀." Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ojú yín ni mo fi rí i.

Wọ́n ti fún wa láyè fún sáà tó ń bọ̀, Dókítà Eyín kò sì ta ọkọ̀ mọ́. Ìje yóò pọ̀ sí i, ọ̀kan tilẹ̀ wà létí òkun. Àwọn ọkọ̀ tuntun yẹn yóò yára jù wá lọ, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Rọra ní ọkọ̀ tuntun, àìsàn tuntun. Ó gbà pé ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kú sójú ọ̀nà lọ́dún àkọ́kọ́, tí tiwa yóò sì máa rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi rò pé lọ́dún kejì, wọn yóò ti mọ ìtọ́jú ọkọ̀ wọn, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ yóò tó le. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ láti rí i. Wọ́n sì ti fún mi níṣẹ́ tuntun. Èmi ni n ó máa dúró níwájú ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ àfi tí mo bá gbé ọwọ́ sílẹ̀ tí mo sì ké pé, "Ó yá!" Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò lóhùn o." Ó ní, "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lásán ni mò ń wá. Ohùn, a ó jọ wá a."

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Màámi sí fún mi. Kí orúnkún yín le, kí ojú yín má ṣe bàìbàì. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ fi ìgbà èwe yín tọ̀ nítorí wa, kí ó padà di ọ̀nà ìrọ̀rùn fún yín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin tó ń fi ojú yín ríran,
Tìmùtìmù (orúkọ tí wọ́n sọ mí ní gáréèjì).

Àfikún: Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké "Ó yá!" nínú yàrá mi lánàá, ni ẹnìkan bá lu ògiri. Mo rò pé mo ti dá a lóró, mo lọ tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọbìnrin kíláàsì wa ni, ẹni tí èjìká rẹ̀ máa ń gbọ̀n kó tó rẹ́rìn-ín. Ó ti wọ bàtà. Ó ní, "O ti ń pe 'ó yá' láti àárọ̀, níbo là ń lọ gan-an?" A jọ lọ jẹun. Nítorí náà, ẹ sọ fún Màámi pé kí wọ́n má tíì yọ àlùbọ́sà tí wọ́n ń kó sí yàrá mi láti ìgbà tí mo ti lọ, n kò tíì ń bọ̀ nílé. Ó dìgbà tí sáà ìje bá parí.