Alhaji Ràmọ́nì Ládòkun (1945–2024), Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ fún Sinimá Tí Kò Lóhùn

Ní ọdún 1945 ni a bí Alhaji Ràmọ́nì sí ilé Ládòkun, Ìwéré-Ilé. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn. Ọmọ ìlú Komu ni ìyá wọn, Àwáwù. Alhaji ka ìwé mẹ́fà yanjú, wọ́n sì fi ọdún mẹ́ta kàwé sí i ní Ṣakí.

Ní 1965, wọ́n wọ iṣẹ́ ọkọ̀ sinimá tó ń yí Òkè-Ògùn ká. Sinimá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò lóhùn rárá, ìtàn ọmọbìnrin ìjòyè ńlá kan nílẹ̀ òyìnbó tó fẹ́ràn ọmọ ogun tálákà. Ẹnu àwọn òyìnbó náà á máa mì, Alhaji á sì máa bá wọn fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀.

Ní 1969, ọkàn wọn fà sí Mùyìbátù, ọmọ Bàbá Ṣùkúrù ní Okaka. Àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe: wọn kò rán alárenà, àwọn fúnra wọn ló lọ tọrọ ọmọ. Bàbá Ṣùkúrù kọ̀ jálẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá, oúnjẹ kò wọ Alhaji lọ́fun.

Ọkọ̀ sinimá wá dé Okaka, Bàbá Ṣùkúrù sì jókòó níwájú. Nígbà tí ọmọ ogun kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ, tí ìjòyè lé e jáde, ìjòyè ni gbogbo ará Okaka gbè lẹ́yìn. Bàbá Ṣùkúrù ní, “Ṣé kò lẹ́gbọ̀ọ́n ni? Ta ní í dá wá tọrọ ọmọ bí ẹni wá fọn iná?”

Alhaji kọjú sí Bàbá Ṣùkúrù. Àwòrán ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n dáhùn pé, “Ó lẹ́gbọ̀ọ́n, Bàbá. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀.”

Bàbá Ṣùkúrù rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Alhaji tó jẹ́ obìnrin, Ìyápọ̀, gbé obì lọ sí Okaka, Bàbá Ṣùkúrù sì gbà á. Alhaji àti Mùyìbátù so yìgì ní 1970.

Lẹ́yìn náà, Alhaji dá oko kaṣú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jẹ́ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí àdúgbò, wọn kì í sì í pẹ́ dé ìpàdé.

Ní 2020, àrùn ẹ̀gbà dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyàwó wọn ló ń bọ́ wọn, tó ń wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n, kí Mùyìbátù má ṣáájú wọn lọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tọrọ ìyẹn lórí ìrun. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 2024, wọ́n mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyàwó wọn, wọ́n sùn, wọn kò sì jí mọ́.

Wọ́n fi Mùyìbátù sílẹ̀ láyé, pẹ̀lú Waheedat, Samsudeen, Mujeebat, àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti èmi Ismaheel, àbúrò wọn.

Ó dun ìdílé, ṣùgbọ́n ara tù wá. Alhaji, àdúrà yín gbà. Ẹ máa sinmi nínú àánú Ọlọ́run. Ìyàwó yín wà lọ́dọ̀ wa.