Má Tíì Gbé Sólà Náà Sọ́kọ̀

Ìníolúwa ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn, okun ariwo Àbújá tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí o bá ń jáde láàárọ̀, Ọlọ́run á máa ṣíwájú rẹ, bí o bá sì ń padà, á ti dé ilé dè ọ́. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní fojú ọ̀tá wò ọ́. Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, òun náà kì í sì í sọ̀rọ̀ bí òjò kò bá ṣú.

Ọ̀rọ̀ sólà tí o ní o máa fi rán awakọ̀ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì ni mo ṣe kọ̀wé, èyí tí o ní kí n máa fi ṣáájì máṣìn oníná tí o rà fún mi láti máa gùn, kí n lè jókòó sílé, kí n má máa gbé bátìrì lọ sí Iyara mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì gbé e sọ́kọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe ni ìwọ á ní, Bàbá, mò ń bọ̀ wá pè yín padà, èmi á sì jókòó ti fóònù títí ojú rẹ̀ á fi ṣókùnkùn. Ìwé kì í kánjú.

Kí n kọ́kọ́ jíyìn máṣìn fún ọ. Ó wà dáadáa. Kò mu epo, kò rú èéfín, kò sì rùn, nítorí náà pálọ̀ ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ, mo sì máa ń fi aṣọ bò ó kí òtútù má bàa mú bátìrì. Obìnrin inú rẹ̀ náà ń ṣe dáadáa. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á kí mi ní gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ á tutù bíi ti ẹni tó jẹun kánú. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa a kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀, nítorí náà mo máa ń dá a lóhùn pé okun o, ṣé ó jí dáadáa. Mo mọ̀ pé kò sí ènìyàn nínú irin, èmi kì í ṣe òpè. Ọ́fíìsì tí o ti ra máṣìn yẹn ni mo gbà pé ó jókòó sí, tó ń wò wá láti ibẹ̀, nítorí bí bátìrì bá fẹ́ tán, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti rán an sí ọ nígbà mélòó kan, pé kájú ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí, àti pé mo lá àlá rẹ. Ṣé ó jíṣẹ́? Bí kò bá jíṣẹ́, má bá a jà, iṣẹ́ lè pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tabitha tó wà nílé kejì ní òun gbọ́ pé mo ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ó ní kí n bi í bóyá ó mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè àbí gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbé wá.

Ohun kan ló wà níbẹ̀. Máṣìn yìí kì í pariwo. Nígbà tí mo ń gun èyí tó ń mu epo, láti ìdí àpáta ni Tabitha ti máa ń gbọ́ mi, kí n tó dé ojúlé ó ti bu iyán tèmi sọ́tọ̀. Nísinsìnyí mo kàn máa ń yọ sí àwọn ènìyàn ni. Lọ́jọ́ kan mo yọ sí Bámigbóyè tó ń ta epo nínú ìgò, ó ń sọ fún ẹnìkan lọ́wọ́ pé ọmọ Philip fi máṣìn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ bí ẹni fi ẹrù ránṣẹ́ sí ẹni tí kò fẹ́ rí. Bó ṣe yíjú tó rí mi, ó ní màálù ẹnìkan ni àwọn ń sọ. Mi ò bínú. Ìdí igi Bámigbóyè yẹn ni mo ti máa ń jókòó láràárọ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá ń da epo fún mi, a ó máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ lọ rà báyìí? Àgbàlagbà kì í lọ jókòó sí ìdí ọjà ọlọ́jà lójoojúmọ́ lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n á ní ilé rẹ̀ ti lé e jáde. Mo so agogo ewúrẹ́ mọ́ máṣìn kí wọ́n lè máa gbọ́ mi, àwọn ewúrẹ́ Tabitha bá tẹ̀lé mi dé oko, ó ní kí n tú u kíákíá. Mo tú u. Bí mo bá jáde, kò sẹ́ni tó gbọ́. Bí mi ò bá jáde, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Àfi ilé Christiana tó ń bá wa ṣáájì. Sólà bo òrùlé rẹ̀ ní Iyara bí ẹní tí wọ́n sá, gbogbo ẹni tí iná ọba ti gbàgbé ló ń gbé nǹkan wá síbẹ̀, fóònù, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ìgérun. Bátìrì tèmi ló tóbi jù, ó máa ń tó ọ̀sán kó tó yó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Christiana ní kí n máa lọ kiri ìlú kí n tó padà wá gbà á. Mo ní rárá o, a kì í gbé aláìsàn sí ọsibítù ká má dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo bá tíṣà Simon tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀, àti Sálíù tó jẹ́ àgbàlagbà bíi tèmi. Sálíù ń béèrè bóyá oòrùn tó ń wọ òrùlé yẹn náà ló ń gbẹ kájú, èmi ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sẹ́ ẹ bíi gàrí. Simon rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan. Fóònù Sálíù kì í tán. Christiana á wo ojú rẹ̀, á rí i pé ó kún, síbẹ̀ á fi í sí iná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi náà gbé bátìrì tí mi ò tíì lò dé ìdajì lọ. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbé bẹ́ńṣì wa bọ́ sí ìbòji. Nígbà tí orúnkún dá mi dúró sílé, Simon tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí gun ọ̀kadà wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní òun wá béèrè bátìrì ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún ọ pé òrùlé wa ti jẹrà ni, kò lè gba sólà. Òrùlé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lórí ilé mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní Iyara pé mo wá ṣe?

Bí o kò bá tíì rà á, fi díẹ̀ nínú owó náà ránṣẹ́ kí n máa fi san owó ṣáájì, kí o sì fi ti ìpara orúnkún kún un. Bí o bá ti rà á, má gbé e fún awakọ̀. Ìwọ ni kí o gbé e wá. Christiana ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn ń gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kàn án, o ò lè wá kí o padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó máa gòkè kò sí nílé yìí, ṣùgbọ́n mo lè di àkàbà mú.

Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà Àbújá mọ ọ̀nà ilé, á sìn ọ́ já. Ohun tí o bá fi lé iná kò ní jó mọ́ ọ lọ́wọ́. O ò ní dá nìkan jẹun pẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Philip, tó wà nílé.