Mítà Mẹ́ta Tó Dín Nínú Ilẹ̀ Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kí gbogbo ẹbí ní Odigbo. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí pé níwájú ẹbí ni ẹ ti pe Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní olè ilẹ̀.

Yìnyín ti bo Kánádà níbi. Ọ̀pá ìwọ̀n ni mo ń gbé tẹ̀lé àwọn sọféyọ̀ látàárọ̀, bí mo bá sì wọlé, kò sí ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń dá gbé báyìí, ìfura ni yóò máa bá ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi yára dá Bàbá Kékeré lẹ́bi nígbà tí ẹ pè mí. Ẹ ní okùn tí ẹ fà láti pẹ̀rẹ̀gún ìsàlẹ̀ dé ti orí òkè jẹ́ àádọ́rin mítà, àmọ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wà nínú ìwé tí Bàbá Kékeré ní kí sọféyọ̀ ṣe. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi gan-an rèé.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kí Ìyá mi ya fọ́tò ìwé náà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà fún pẹ̀rẹ̀gún kọ̀ọ̀kan: ti ìlà-oòrùn, ti àríwá, ti gíga. Mo yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè: ọgọ́ta mítà sí ìlà-oòrùn, ọgbọ̀n sí àríwá, ogún sókè. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, mo ro wọ́n pọ̀, mo wá nọ́ńbà tí a ó fi lọ́po ara rẹ̀ kí ó tó iye yẹn. Àádọ́rin géérégé! Mo yọ ogún ti gíga sílẹ̀, mo tún un ṣe: mẹ́tàdínláàádọ́rin àti díẹ̀.

Bàbá, okùn yín gun òkè. Ìwé sọféyọ̀ kì í gun òkè; bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Pẹ̀rẹ̀gún kankan ò kúrò níbi tí Bàbá àgbà gbìn ín sí.

Ọkùnrin Ore tó wá sọ fún yín pé wọ́n ti gé ilẹ̀ yín ni mo ń fura sí báyìí. Ṣé kì í ṣe òun náà ló fẹ́ rà á, torí ọ̀dà títì tí wọ́n ní ó wà nínú ilẹ̀ lápá Agbabu? Bí ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré bá túká, ta ni yóò dá a dúró?

Ìyá mi ní Bàbá Kékeré ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé abà ló ti ń dá jẹun. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà: ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, kí ẹ sì pe ẹbí jọ bí ẹ ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe olè.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnìkan nínú yín kú kí ẹ tó rẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín, tí mo ṣẹ̀ sí bàbá mi kejì,
Akínfẹ́mi.